Ewé Tí Kò Sunkún Tán

Àwọn ọmọ àdúgbò mi máa ń sọ pé bí Bàbá Àjàní bá kí yín pé ẹ káàárọ̀, kí ẹ yọjú wo oòrùn kí ẹ tó dáhùn. Wọn kò parọ́ mọ́ mi. Mo ti sọ fún wọn rí pé ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo fi ti tírélà tó kú sí Malu Road dé ebúté Tin Can, pé dírẹ́bà sì sùn lọ nínú rẹ̀ kò mọ̀. Ńṣe ni wọ́n ra mínírà fún mi kí n tún un sọ. Ìwé tí mo kà kò ju fọ́ọ̀mù tuu lọ. Tìṣà wa fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí pé kí n máa lọ sílé, pé ìtàn tí mo ń sọ ní kíláàsì kò jẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́ ìṣirò. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá gírámà, kó yà sí ilé kejì. Ṣùgbọ́n ọdún kan wà ní kékeré mi tí n kò lè fi iyọ̀ sí. Mo ti gbìyànjú. Mo ti sọ ọ́ bíi ti ẹlòmíràn rí ní ìdí ọtí, mo sì ti fi ẹ̀rín parí rẹ̀ rí. Kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ilé tí a ń gbé nígbà náà wà ní Olodi-Apapa, níbi tí Àpápá ti ń parí tí Ajégúnlẹ̀ sì ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹsẹ̀ lé ààlà náà pé òun rèé. Yàrá mẹ́wàá ni, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan là wọ́n láàárín, ó sì ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ohùn la fi ń dá ara wa mọ̀ lọ́sàn-án gangan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, fèrè ọkọ̀ ojú omi á ti dún láti ebúté, á gùn bí ẹni pé màlúù kan ló ń rọbí nínú òkun. Ìyẹn ni agogo bàbá mi. Bó bá ti gbọ́ ọ, á fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ nínú òkùnkùn, á gba wọ́ọ̀fù lọ láti ru ẹrù. Lẹ́yìn fèrè ni ìpè mọ́sálásí, lẹ́yìn mọ́sálásí ni agogo ìjọ aláṣọ funfun, lẹ́yìn agogo ni ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi, tákatàka-tákatàka, bí ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ń sáré lórí páànù. Ìgbà náà ni Ìyá Efe, ará Wárí tó ń yan ẹja lẹ́yìn ilé, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá èéfín jà ní èdè Ajégúnlẹ̀: “Èéfín yìí, abẹ́gì, wẹ́tìn ni mo ṣe fún ẹ?” A ó mu gaàrí, a ó bu ẹja tó fọ́ lára ti Ìyá Efe sí i, a ó sì gba orí pákó tí wọ́n tò sórí omi ẹrẹ̀ jáde lọ sílé ìwé. Mo lè gbọ́ gbogbo rẹ̀ báyìí bí mo bá di ojú. Ohun tí n kò lè gbọ́ mọ́ ni ẹ̀rín àbúrò mi nígbà náà, bó ti wù kí n di ojú tó.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni ẹ̀yìnkùlé. Kò sanwó fún un, ṣùgbọ́n lanlọ́ọ̀dù pàápàá máa ń tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kọjá lọ sílé ìyàgbẹ́. Etí erin ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri láti ẹnu kànga títí dé ìpẹ̀kun: nínú garawa ọ̀dà, nínú agolo mílíìkì, nínú bàsíà tó ti jò, nínú táyà tírélà kan tí Bàámi yí wálé láti ibi iṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ń pè é ní álóífírà, ẹ sì ń rà á nínú ike tó ní àwòrán obìnrin òyìnbó. Ewé yẹn kan náà ni. Ìyá Àgbà ń fi í ṣe ìpara, gbogbo Olodi sì ń wá rà á, láti orí ìyá ọlọ́mọ tuntun dé orí àwọn lébìrà wọ́ọ̀fù tí iyọ̀ òkun ti jẹ lọ́wọ́. Ìpara yẹn ń yọ̀. Mo ti rí eṣinṣin tó bà lé èèkẹ́ mi, tó yọ̀, tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Olè kan wà tí ọkùnrin mẹ́fà dì mú lójú ọjà, tó yọ̀ mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́, nítorí pé ó ti fi ìpara Ìyá Àgbà para láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbà, kó gbà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà ṣe é, n kò ní parọ́ mọ́ ìyẹn. Ewé ìsàlẹ̀ tó ti sanra ló máa ń gé, ní òwúrọ̀. Kò ní í bó o, kò ní í gún un. Á kọ́kọ́ dojú ibi tó ti gé e kọ ilẹ̀ nínú abọ́ tánganran, á tò wọ́n ní ìnàró bí ọmọ tí wọ́n ń jẹ níyà, á sì jókòó tì wọ́n. Omi yẹ́lò kan wà nínú ewé náà, láàárín èèpo àti ara, ó korò ju ọ̀rọ̀ àna lọ. Ìyẹn á máa kán, tó, tó, tó, títí oòrùn á fi dé àárín orí. “Ẹ jẹ́ kó sunkún,” ni Ìyá Àgbà máa ń wí fún ẹni tó bá ń kánjú. “Ewé tí kò bá sunkún tán, ẹni tó bá fi í para ni yóò bá a parí ẹkún náà.” Bó bá wá sunkún tán, á fọ̀ ọ́, á bó èèpo rẹ̀, á fi ṣíbí ha nǹkan tó ń yọ̀ bí ẹyin tútù nínú rẹ̀ jáde, á sì fi ìjábẹ̀ lù ú títí á fi hó. Òrí á ti yọ́ pẹ̀lú òróró àgbọn díẹ̀. Á máa da ọ̀kan sínú èkejì díẹ̀díẹ̀, á máa rò ó sí apá kan ṣoṣo, kì í yí ọwọ́ padà, títí á fi funfun tí á sì dì bí ẹ̀kọ tútù. Bí ẹnikẹ́ni bá ń jà tàbí tó ń ṣépè nítòsí nígbà náà, á lé e. Ó ní ìpara máa ń gbọ́ràn.

Ojú Ìyá Àgbà ti ń lọ nígbà tí mò ń sọ yìí. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì bí èéfín tó wọ inú gíláàsì tí kò rí ibi jáde. Ọwọ́ ló fi ń ríran. Ó lè fi àtàǹpàkò mọ owó, mọ ọmọ, mọ ẹni tó ti sunkún láàárọ̀. Nítorí ojú yìí, èmi ló di olùṣọ́ ewé: èmi ni n ó gé e, èmi ni n ó jókòó tì í, èmi ni n ó wò ó pé omi yẹ́lò ti tán pátápátá. Iṣẹ́ mi kejì ni apá òsì mi. Ìpara tuntun kò gbọdọ̀ kan ara ẹnikẹ́ni àfi bó bá ti sùn lára ọmọ kan nínú ilé mọ́jú. “Awọ tèmi ti gbó,” ni Ìyá Àgbà ń wí. “Bí ata bá ta á lónìí, ọ̀túnla ni yóò tó mọ̀.” Á pa díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá mi, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á pè mí: “Àjàní, ọkọ mi, ṣé ó ta ọ́?” “Kò ta mí, Ìyá Àgbà.” “Mú un wá.” Á fi àtàǹpàkò rìn ín yíká, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka lẹ́tà. Ìgbà tó bá sọ pé “Ó dáa” nìkan ni ìpara tó lè jáde nílé wa. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, mo sì ń gbéra ga lórí apá kan ṣoṣo yìí bí ẹni tó jẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní ebúté.

Ọdún yẹn ni wọ́n ń ta kẹrosíìnì tí wọ́n ti lú bẹntiróò mọ́. Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ pé ó ń ṣẹlẹ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan sì gbà pé ti ẹlòmíràn ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, ìyá mi tan sítóòfù sí ẹnu ọ̀nà yàrá láti se ẹ̀wà. Àbúrò mi obìnrin, Àṣàkẹ́, ọmọ ọdún méje, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó bóyá iná ti ràn. N kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Ariwo kan dún bí ìgbà tí wọ́n já páànù sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa tó máa ń ṣókùnkùn mọ́lẹ̀ kedere fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sì rí ojú gbogbo ẹni tó ń gbé ilé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá Efe ló sáré mú àpò tó ti rẹ sínú omi ẹja tó fi bò ó. Láti etí ọ̀tún dé àgbọ̀n dé ọrùn ló jó. Ó pẹ́ ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n gbé e wálé, ojú egbò ti pa dé, awọ tuntun ti bò ó, pupa, tín-ín-rín, bí awọ inú ẹyin.

Dókítà sọ fún ìyá mi pé iná ti ṣe tirẹ̀, ó ku ti awọ. Bí awọ tuntun náà kò bá gbẹ, bó bá ń rọ̀, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, àpá náà kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ hàn. Bó bá gbẹ tó là, yóò sún jọ, yóò sì fa ẹnu àti ojú pọ̀. Ọyẹ́ sì ń bọ̀. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó ní, “Ṣé awọ ni wọ́n ń bẹ̀? Àṣàkẹ́ ìyá mi, tèmi ni.” Láti ọjọ́ náà, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, á gbé ọmọ náà sáàárín orúnkún, á fi ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ pa ìpara náà fún un, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń nu eruku lára labalábá. Awọ náà sì ń gbọ́. Ó ń dúdú díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ti ní kí wọ́n mú un padà wá bí wọ́n bá wọlé lẹ́yìn Kérésì, tí ojú rẹ̀ bá ti jinná; ìyá mi ti rán yunifọ́ọ̀mù tuntun fún un, ó fi kọ́ ìṣó. Wọ́n ti gbé dígí pamọ́ fún un, nítorí náà inú garawa omi ló máa ń wò láàárọ̀. “Bọ̀ọ̀dá Àjàní, ṣé ojú mi ti di ojú?” Èmi á ní, “Ó ku díẹ̀. Imú nìkan ni wọn ò tíì rí bátànì rẹ̀.” Á rẹ́rìn-ín, á sì fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ tó ń fà á. Gbogbo ilé ló ń ka ọjọ́ tí yóò wọ aṣọ orí ìṣó yẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n wọlé tí ìpara tó wà nílẹ̀ tán, ọyẹ́ sì ti dé pẹ̀lú ìbínú. Ètè gbogbo wa ti là. Ìyá Àgbà ní kí n gé ewé láàárọ̀ kùtù. Mo gé mẹ́fà, mo tò wọ́n sínú abọ́, mo jókòó tì wọ́n. Wọn kò tíì sunkún dé ìdajì tí ariwo fi sọ láti apá Malu Road: “Mílíìkì! Mílíìkì ti dà o!” Tírélà kan tó ń bọ̀ láti Tin Can ló ṣubú sí kòtò, àpò mílíìkì ìyẹ̀fun sì ya. Oṣù tó ṣáájú, tírélà ti tẹ ọmọ kan pa ní ojú ibẹ̀ gan-an, Bàámi sì ti fi bẹ́líìtì hàn mí pé ọjọ́ tí òun bá gbọ́ pé ẹsẹ̀ mi kan Malu Road, èmi àti bẹ́líìtì yẹn ló máa jọ sùn. Ṣùgbọ́n mílíìkì ni! Ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Mílíìkì kún títì dé orúnkún. Àwọn ajá dúdú wọ inú rẹ̀, wọ́n jáde ní funfun, àwọn tó ni wọ́n sì lé wọn dànù pé àwọn ò mọ̀ wọ́n rí. Ọkùnrin kan wẹ̀ nínú rẹ̀. Ó dáa, kò dé orúnkún. Ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo bù ú kún, mo sì ń fi ahọ́n lá a bọ̀ nílé bí ológbò.

Nígbà tí mo dé, oòrùn ti fẹ́ẹ̀ kanrí. Adìẹ ti da abọ́ nù, ewé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti sùn sínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n sì ti ṣá ewé náà jákujàku. Mo fi mílíìkì pamọ́ sábẹ́ táyà, mo sáré gé ewé mẹ́fà mìíràn. Bí mo ti ń gé wọn ni ohùn Ìyá Àgbà dún láti inú ilé: “Àjàní! Ṣé ó ti sunkún tán?” Omi yẹ́lò ń ṣàn sí mi lọ́wọ́ bí mo ti ń dáhùn. “Ó ti sunkún tán, Ìyá Àgbà. Ó tiẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín.” Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. Àṣàkẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Mo bó wọn bẹ́ẹ̀, mo ha wọn bẹ́ẹ̀, torí pé wọn kò sanra tó ti àkọ́kọ́, mo fi ọwọ́ fún èèpo wọn mọ́ ọn, mo sì gbé abọ́ náà fún un. Ó fi ìjábẹ̀ lù ú, ó gbé e sí imú. “Ó ń run kíkorò díẹ̀.” “Ọyẹ́ ni, Ìyá Àgbà,” ni mo wí. Kí ni ọyẹ́ fẹ́ fi inú ewé ṣe? Ṣùgbọ́n èmi lojú rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé ojú rẹ̀ lé ènìyàn lọ́wọ́ kì í tún bá a jiyàn lórí ohun tó rí.

Ó pa á sí apá òsì mi lọ́sàn-án yẹn. Kí a tó jẹ ẹ̀bà ìrọ̀lẹ́, ó ti ń yún mi. Àṣàkẹ́ rí mi lórí ẹní. “Bọ̀ọ̀dá mi, kí ló ń yún yín?” “Ẹ̀fọn.” Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ti pọ́n, ó sì ti sú wẹ́wẹ́ bí ara ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Mo jókòó sórí àpótí, mo rò ó bí àgbàlagbà. Bí mo bá ní ó ta mí, Ìyá Àgbà á bi mí bí ewé ṣe sunkún. Bó bá bi mí, ọ̀rọ̀ á dé Malu Road. Bó bá dé Malu Road, á dé ìdí bẹ́líìtì. Mo sì wí fún ara mi pé, yíyún kékeré yìí, kí ni ẹ̀fọn Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ? Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn. “Àjàní, ọkọ mi, ṣé ó ta ọ́?” “Kò ta mí, Ìyá Àgbà.” “Mú un wá.” Mo na apá ọ̀tún sí i. Àṣàkẹ́ jókòó sáàárín orúnkún rẹ̀, ó ń wò mí. Mo ṣẹ́jú sí i. Ó rò pé eré ni. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Àtàǹpàkò Ìyá Àgbà rìn yí apá tí kò mọ nǹkan kan, ó tún rìn ín. “Ó dáa,” ni ó wí, ó sì ki ìka bọ inú ìpara.

“Ó ń ta mí,” ni Àṣàkẹ́ wí nígbà tó kàn án. Ìyá Àgbà dá ọwọ́ dúró. “Ara tó bá ń jinná máa ń yúnni, ìyá mi. Àjàní ní kò ta òun. Àbí, Àjàní?” Ọmọ náà gbé ojú sókè sí mi. Mo ti ní àǹfààní láti sọ̀rọ̀ láyé mi lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti sọ ọ́ níbi tí wọn kò ti pè mí. Níbẹ̀, ohun tí mo wí ni pé, “Kò ta èmi o.” Àṣàkẹ́ wo yunifọ́ọ̀mù lórí ìṣó, ó di ojú, ó sì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún un. Ó gbà á láàárọ̀, ó gbà á nírọ̀lẹ́, ó tún gbà á ní ọjọ́ kejì, kò sunkún. Ní ọjọ́ kẹta, awọ inú ẹyin yẹn wú, ó lé ròrò, ó bẹ́. Ọyún dé. Nọ́ọ̀sì tó tún un wẹ̀ ní ọsibítù pariwo mọ́ ìyá mi débi pé àwọn aláìsàn dìde wò wá. Nígbà tó fi máa jinná lẹ́ẹ̀kejì, àpá tó yọ ga bí ìka, ó ń dán, ó sì ti fa igun ẹnu rẹ̀ sókè àti ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n wọlé lẹ́yìn Kérésì láìsí i níbẹ̀. Ìyá mi mú yunifọ́ọ̀mù kúrò lórí ìṣó, ó tú u, ó fi rán aṣọ fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ìpara nìkan kọ́ ló bàjẹ́ nílé wa. Àwọn obìnrin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í dá ike ìpara padà. Wọn kò bú wa. Wọ́n kàn ń gbé e sí orí àtẹ̀gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lọ. Ìyá Efe tó fẹ́ràn Ìyá Àgbà ló tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀: “Màmá, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n kí lẹ fi sínú nǹkan yìí? Ojú ọmọ, Màmá! Ojú ọmọ obìnrin!” Ìyá mi kò bá Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàámi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, gbogbo ilé sì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Ìyá mi, mo fẹ́ bi yín léèrè. Ṣé ẹ dán an wò kó tó kan ọmọ yìí?”  Ìyá Àgbà na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́. “Àjàní, wá.” Mo lọ. Kò bèèrè ọ̀tún. Apá òsì ló mú, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi sókè, àtàǹpàkò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ibẹ̀ ti gbẹ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ti le, ó ti ṣí èépá. Àtàǹpàkò náà rìn dé ibẹ̀, ó dúró. Ó dúró pẹ́. Mo gbọ́ ẹja tó ń ta lórí iná Ìyá Efe. Ìyá Àgbà rọra fa ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà wálẹ̀, ó wá bọ́tìnnì rẹ̀, ó de é. “N kò dán an wò,” ni ó wí. “Èmi ni mo kánjú. Ojú mi kò rí omi inú ewé. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni mọ́.” Ìyá mi kígbe bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ. Mo wà níbẹ̀. Ẹnu mi wà lójú mi. 

Ìyá Àgbà ní kí n kó gbogbo etí erin náà dà sí gọ́tà. Mo kó wọn, garawa kan lẹ́yìn òmíràn; táyà ni mo yí kẹ́yìn, ìyẹ̀fun mílíìkì tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti di òkúta, èèrà ti bò ó. Ìyá Àgbà kò bá mi sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn rí. Ó ṣì ń pè mí ní ọkọ mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò fi nǹkan kan para mọ́, ìbáà ṣe òrí, ìbáà ṣe basilíìnì tí Bàámi rà wálé. Ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, ara rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ọyẹ́ kẹta ló lọ. Àwọn tó wẹ̀ ẹ́ jáde wá, wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́ ohùn pé gìgísẹ̀ ìyá yìí ti là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, pé ẹ wo obìnrin tó fi ìpara kun gbogbo Olodi lára. Ẹlòmíràn nínú wọn ní, “Àbí ẹ ò mọ̀ pé òun ló ba ojú ọmọ ọmọ rẹ̀ jẹ́?” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sin ín, orúkọ mi sì mọ́ tónítóní.

Àṣàkẹ́ kò padà sílé ìwé. Ó kọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́dọ̀ ìyá wa, ó fẹ́ ọkọ, ó bímọ, ó ti di ìyá àgbà fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló máa ń kọ sí oníbàárà. Bí mo bá ti ń sọ ìtàn irọ́ mi, òun ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, tòun tọwọ́ lẹ́nu, mo sì ti máa ń fi ara mi lọ́kàn balẹ̀ pé ọmọ ọdún méje kò lè rántí nǹkan. Ìyá Àgbà ló mọ̀, Ìyá Àgbà sì ti lọ. Ní ọyẹ́ tó kọjá yìí, Àṣàkẹ́ gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi láti Ajégúnlẹ̀. Ara ọmọ náà gbẹ, ó là ní oríkèé, wọ́n ti ra oríṣiríṣi nǹkan, kò gbọ́. Ó rí garawa ọ̀dà méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi, pẹ̀lú etí erin nínú wọn. Mo ti gbìn wọ́n láti ìgbà tí mo ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, n kò mọ ìdí rẹ̀, n kò sì fi wọ́n ṣe nǹkan kan rí. “Bọ̀ọ̀dá mi,” ó ní, “ẹ ṣe ti Ìyá Àgbà fún un.” Mo ní mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó wò mí. “Ẹ ò gbàgbé.”

Mo gé ewé mẹ́ta. Mo dojú wọn kọlẹ̀ nínú abọ́, mo gbé àga, mo jókòó tì wọ́n. Ẹnìkan pè mí lójú pópó pé kí n wá gbọ́ nǹkan, n kò dìde. Oòrùn kanrí, ó yẹ̀, wọ́n ṣì ń kán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo ṣì jókòó, títí ọ̀kankan kò fi kán mọ́ fún àkókò tí mo fi mu ife tíì méjì. Mo ṣe gbogbo rẹ̀, mo rò ó sí apá kan ṣoṣo, mo pa á sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá òsì mi, awọ àgbàlagbà, ṣùgbọ́n òun ni mo ní. Àṣàkẹ́ sùn ti ọmọ náà nínú yàrá mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti jókòó dè mí, ọmọ wà láàárín orúnkún rẹ̀. “Ṣé ó ta yín?” “Kò ta mí.” Ó fi gíláàsì rẹ̀ sójú. “Ẹ mú un wá.” Mo na apá òsì. Ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò rìn ín yíká, jẹ́jẹ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó gbé apá náà sílẹ̀ lórí orúnkún mi, kò fi ọwọ́ kan ìpara.

“Bọ̀ọ̀dá mi,” ni ó wí, “ẹ na èkejì wá.”

Mo ká ọwọ́ ẹ̀wù mi sókè, mo sì nà án.